Bàtà Tí Ìrẹ̀ Kò Wọ̀ Fúnra Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó jáde fún eré ìje òwúrọ̀ bá ọ̀kan nínú wọn nílẹ̀ lábẹ́ Ilé Okùn. Ilé onípákó gíga kan ni Ilé Okùn, kò ní ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi okùn gòkè, tí a sì ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ náà wọ aṣọ ológun, bọ́tìnnì rẹ̀ pé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti kú.

Ìrẹ̀ ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ológun náà ń pè é, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bí kò bá sọ̀rọ̀, á máa fi imú kọrin. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní ni níbẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀sán, Ọ̀gá Pátápátá tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ní àlàyé lẹ́nu. "Ó lọ dá gun òkè ni. Ẹ̀rù ìdánwò okùn ń bà á, ó fẹ́ dá kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀." Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Obìnrin kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kúrú, ẹsẹ̀ òsì sì ń dùn ún láti ìgbà tí mọ́tò kan ti gbá a lẹ́nu iṣẹ́. Màmá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí kì í béèrè ọ̀rọ̀ tó le láìkọ́kọ́ kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́. Àwọn ọ̀daràn tó mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá ti gbọ́ pẹ̀lẹ́ báyìí, òógùn á bò wọ́n.

"Pẹ̀lẹ́ o, sà," ni ó wí. "Ta ló rí i nígbà tó ń gun òkè?"

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ta ló wá sọ fún yín pé ọwọ́ rẹ̀ yọ̀?"

Ọ̀gá Pátápátá wo Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó tẹ̀lé obìnrin náà wá, bí ẹni pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun á gba òun sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń wo àjà.

*

Ní ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ náà, dókítà fẹ́ bọ́ bàtà òkú náà.

"Ẹ dúró ná," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì wo bàtà méjèèjì títí. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì ya fọ́tò wọn láti iwájú, láti inú àti láti ìta. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n bọ́ wọn.

Ìbọ̀sẹ̀ gbẹ. Inú bàtà gbẹ. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ Ìrẹ̀ funfun, ó sì hunjọ bí ọwọ́ alágbàfọ̀.

"Ó wẹ̀ kó tó jáde ni?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

Dókítà mi orí. Kì í ṣe ológun, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni, ó sì máa ń bojú wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Ìwẹ̀ kì í sọ ẹsẹ̀ dà báyìí. Ó dúró nínú omi pẹ́ gan-an ni."

"Ọmọ kan dúró nínú omi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hunjọ," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ó jáde, ó nu ẹsẹ̀ gbẹ, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wọ bàtà, ó wá lọ gun òkè nínú òkùnkùn. Sájẹ́ǹtì, ṣé o mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní ọmọ mẹ́rin, Màmá. Omi ìwẹ̀ lásán, ẹgba la fi ń lé wọn débẹ̀."

Ọgbẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn orí Ìrẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ fọ́, itan rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Dókítà ní òun á la òkú náà, òun á sì sọ èwo nínú wọn ló pa á. Kò fẹ́ sọ ohunkóhun ṣáájú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè wọ́n padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ omi."

*

Kò sí ẹni tó fún wọn ní ìjókòó. Wọ́n dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí àwọn kádẹ́ẹ̀tì ti ń yan, nítorí ọjọ́ ìjáde àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn máa bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó pẹ́ ni ọ̀gágun kan gbé àga méjì wá fúnra rẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. Òun ni Ọ̀gá Ilé, tó ń ṣe àkóso ilé tí Ìrẹ̀ ń gbé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ má bínú, Mà. Ilé wa dàrú. Ọmọ dáadáa ni." Ó gbé àga kalẹ̀, ó nù ún kó tó ní kí Màmá Pẹ̀lẹ́ jókòó, ó sì lọ.

"Ẹni yìí nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé níbí," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Màmá Pẹ̀lẹ́ kò gbọ́. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń yan ló ń wò. Ó sábà máa ń sọ pé ẹnu mọ irọ́ pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò kọ́ ọ rí. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ìsinmi, ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn, gìrìpá ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí ariwo àṣẹ. Wọ́n ń pè é ní Olórí Yàrá. Yàrá rẹ̀ ni Ìrẹ̀ ń sùn.

"Ọmọ mi, okùn bàtà tìrẹ tò gbọọrọ bí àkàbà. Ti àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní kọjá ara wọn bí àgbélébùú. Ṣé bí ó ṣe wu kálukú ni?"

Olórí Yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Mà. Àgbélébùú ni ọmọdé ń tò. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá wọ ọdún ìkẹyìn ni yóò tú u, tí yóò to àkàbà. Èmi sunkún lọ́jọ́ tèmi."

"Bí ọmọ ọdún kìn-ín-ní bá to àkàbà ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ya wèrè tó bẹ́ẹ̀, Mà."

Fọ́tò bàtà Ìrẹ̀ wà lọ́wọ́ Màmá Pẹ̀lẹ́. Àkàbà ló wà nínú rẹ̀, ó gún régé.

*

Àṣìṣe tí Màmá Pẹ̀lẹ́ ṣe ni pé ó sọ ohun tó rí ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Pátápátá. Ọ̀gá Ilé wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹlòmíràn ló wọ bàtà fún un, sà. Ẹni náà sì fi ọwọ́ àgbà dì í."

Ọ̀gá Pátápátá jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ọlọ́dún ìkẹyìn."

Ọ̀gá Ilé yẹ ojú. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń fi ipá jáde lẹ́nu rẹ̀. "Sà, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Olórí Yàrá gbá Ìrẹ̀ létí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo yàrá ló rí i."

Kí Màmá Pẹ̀lẹ́ tó la ẹnu, Ọ̀gá Pátápátá ti gbé fóònù. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti mú Olórí Yàrá kúrò lórí pápá, tí wọ́n sì tì í mọ́ àhámọ́. Òun ló yẹ kó gbé àsíá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ti gbéra nílé, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bí àwọn ológun bá kọ ẹ̀sùn ìpànìyàn sí i lọ́rùn, fìlà ọ̀gágun tó fi ọdún mẹ́rin wá kò ní dé orí rẹ̀ láéláé, bí ilé ẹjọ́ tilẹ̀ padà dá a láre.

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì ní, "Màmá, ọ̀ràn ti fẹ́ parí nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ti ọmọ yẹn mọ́lé," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí.

*

Ní Ọjọ́rú, wọ́n jẹ́ kí wọ́n rí Olórí Yàrá. Yàrá àhámọ́ náà kò ní fèrèsé. Pákó ni bẹ́ẹ̀dì, ìṣó kan sì yọrí láti ara rẹ̀. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ àti okùn bàtà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba ti gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀. Bàtà rẹ̀ ya ẹnu bí ẹja tí wọ́n kó sórí ilẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ló dé tí o gbá Ìrẹ̀ létí?"

"Orin ni, Mà. Àwọn tó kù ń sùn, ó ń kọrin. Orin burúkú gan-an ni."

"Ṣé orin burúkú tó ohun tí èèyàn ń kú sí?"

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà, ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn wa ì bá ti tán."

Ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó fi apá nu ojú. Ó ní òun fẹ́ràn Ìrẹ̀. Òun náà ló fún un ní ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ já. Ó ní òun sùn fọnfọn lóru yẹn. Bẹ́ẹ̀dì Ìrẹ̀ ni òun bá lófìfo nígbà tí fèrè dún.

Màmá Pẹ̀lẹ́ yí padà sí ológun tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ bá mi kó okùn bàtà rẹ̀ wá. Màá dá wọn padà fún yín."

Wọ́n kó wọn wá. Ó ní kí Olórí Yàrá fi okùn sí bàtà bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, kó má ronú sí i. Ọwọ́ ọmọkùnrin náà yára. Àkàbà gòkè láti ihò dé ihò, nígbà tó dé òkè, ó ta kókó sí apá ìta ọrùn ẹsẹ̀, ó ki orí okùn bọ inú.

Màmá Pẹ̀lẹ́ gbé fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ bàtà náà. Bàtà Ìrẹ̀ ní àkàbà kan náà. Ṣùgbọ́n kókó tirẹ̀ wà ní apá inú, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń kọjú síra.

"Kí ló dé tí o ta tìrẹ síta?"

"Àṣẹ ni, Mà. Nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá yìí dé ló pa á, ọdún kan kí èmi tó wọlé. Inú ni wọ́n ń ta á sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ń yan lọ́jọ́ ìjáde, kókó ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ ti òsì, ó ṣubú níwájú àwọn àlejò. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá rí kókó nínú, o ti jìyà nìyẹn."

"Kò wá sí ọlọ́dún ìkẹyìn kan níbí tó mọ̀ ọ́n ta sínú?"

"Ọwọ́ wa kò mọ̀ ọ́n rí, Mà."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka họ irùngbọ̀n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ẹni tó wọ bàtà fún òkú náà ti kọ́ àkàbà tipẹ́, kí òfin tó yí padà. Ní òkùnkùn, pẹ̀lú ẹ̀rù, kò ronú nípa okùn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe ohun tó mọ̀.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Pẹ̀lẹ́ ní òun fẹ́ rí Ọ̀gá Pátápátá, Ọ̀gá Ilé àti olùkọ́ tó ń mójú tó Ilé Okùn. Ó ní inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni òun fẹ́ jókòó.

"Ọ́fíìsì mi ńkọ́?" Ọ̀gá Pátápátá béèrè.

"Ó móoru, sà. Ara mi kò gbà á."

Ilẹ̀ pákó gbọ̀ngàn náà ń dán bí omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ti bọ́ bàtà, Ọ̀gá Pátápátá náà kò yọ sílẹ̀. Wọ́n jókòó yíká nínú ìbọ̀sẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe jẹ́ ọ̀gá tó, ìbọ̀sẹ̀ tó lu ní àtàǹpàkò á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ti Ọ̀gá Pátápátá lu.

Olùkọ́ Okùn ló kọ́kọ́ kó sí wàhálà. Ọkùnrin ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ń làágùn.

"Pẹ̀lẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ sọ fún wa pé ẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà Ilé Okùn lóru ọjọ́ náà."

"Mo tì í."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó fọwọ́ kan àpò kan, ó fọwọ́ kan èkejì. Sájẹ́ǹtì ti ń sún mọ́ ọn.

"Ó ti sọnù," ni olùkọ́ náà wí níkẹyìn. "Láti oṣù tó kọjá. Mo kàn ń fi wáyà dì í. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní ẹbí."

Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Màmá Pẹ̀lẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ní ó parí. Sájẹ́ǹtì rò pé eré ni. Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ irọ́, Màmá Pẹ̀lẹ́ sì ń dìde.

Ṣùgbọ́n kò jáde. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ òsì tó ń dùn ún, ó sì ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti wọ bàtà. Olùkọ́ Okùn kò jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, láti ipò ológun lásán ló ti gòkè. Àgbélébùú ni tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ibòmíràn ni Ọ̀gá Pátápátá ti wá. Òun náà tò ó bí àgbélébùú, bí ọmọ ọdún kìn-ín-ní. Ọ̀gá Ilé tẹ̀ síwájú, ó fa okùn àkàbà rẹ̀ le, ó ta kókó sí inú ọrùn ẹsẹ̀, ó sì fa ṣòkòtò bò ó.

Bàtà ọ̀gágun kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé dókítà jáde. Màmá Pẹ̀lẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì kà á.

Ọ̀gá Ilé gbà wọ́n ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tún nu àga.

"Pẹ̀lẹ́ o, Ọ̀gá Ilé."

"Ẹ ṣé, Mà."

"Ibí lẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá."

"Èmi lọ wo ilé ìwẹ̀ yín láàárọ̀ yìí. Ọpọ́n sìmẹ́ǹtì kan wà níbẹ̀ tó jìn dé orúnkún. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń mú ọmọ tó bá ṣẹ̀ dúró sí lóru."

"Ọ̀gá Pátápátá ti fòfin dè é, Mà. Òtútù wọ kádẹ́ẹ̀tì kan lẹ́dọ̀fóró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọ̀gá Pátápátá ní ọ̀gágun tó bá tún ṣe é, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́."

"Etí ọpọ́n náà mú."

Ọ̀gá Ilé to ìwé orí tábìlì rẹ̀ jọ.

"Mo mọ̀ pé èèyàn lè ti ọmọ láìní i lọ́kàn láti pa á," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò gòkè. "Ọmọ á yọ̀, á fi ẹ̀yìn orí gbá sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀rù á bà èèyàn. Á rò pé bí wọ́n bá rí i lábẹ́ Ilé Okùn, wọ́n á ní ó já bọ́ ni. Á nu ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọṣọ fún un, á gbé e gba àtẹ̀gùn gòkè."

"Ẹ̀ ń sọ ìtàn, Mà. Olórí Yàrá wà ní àhámọ́."

"Olórí Yàrá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó bàtà sínú. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Mo rí i lánàá."

Ọ̀gá Ilé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún gbé ojú sókè, ó sì fara balẹ̀ gan-an. "Ẹ lè gbé kókó lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n á rín yín rín."

"Òótọ́ ni. Kókó kò tó." Màmá Pẹ̀lẹ́ ṣí ìwé dókítà. "Ṣùgbọ́n dókítà ní ọgbẹ́ orí kọ́ ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ níbi tí egungun ìhà ti fọ́. Ẹ̀jẹ̀ òkú kì í dà bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀ ṣì ń mí nígbà tí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti òkè."

"Irọ́ ni," ni Ọ̀gá Ilé wí. "Mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́."

Sájẹ́ǹtì gbé bírò sókè kúrò lórí ìwé. Níta, wọ́n ń fi bàtà gbá ilẹ̀ papọ̀, wọ́n ń dánra wò fún ọ̀la.

"Mo tẹ́tí sí i dáadáa," ni Ọ̀gá Ilé tún wí, ní ohùn tó kéré. Lẹ́yìn náà, kò dá ọ̀rọ̀ dúró mọ́. "Ó pẹ́ kó tó dé orí ìlà nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ ni, ìyà díẹ̀ ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Mo ní kó dúró, kó sì dákẹ́. Ó ń fi imú kọrin. Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òtútù ni. Òtútù ló ń mú un, ó ń fi orin gbóná ara rẹ̀. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ̀ bá ti gbé e débẹ̀."

"Wọ́n ti fẹ́ gbé mi ga lóṣù tó ń bọ̀."

Màmá Pẹ̀lẹ́ dìde. Kò kí i ní pẹ̀lẹ́ mọ́. Sájẹ́ǹtì ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

*

Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀ fẹ́ tú Olórí Yàrá sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò lè ṣe é. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí olú-ilé-iṣẹ́ ológun, àṣẹ ìtúsílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ wá. Ọ́fíìsì ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn títí di ọjọ́ Ajé. Màmá Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ wọ́n láago títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú, ó gba ti Sájẹ́ǹtì, ó tún tẹ̀ wọ́n láago. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n yan. Ẹlòmíràn ló gbé àsíá. Ìyá Olórí Yàrá dúró láàárín àwọn àlejò nínú aṣọ tó rán fún ọjọ́ náà, ó ń wo ojú kálukú bí wọ́n ṣe ń kọjá, títí ìlà fi tán. Màmá Pẹ̀lẹ́ ló lọ bá a, ló sọ fún un, ló sì mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn àhámọ́. Wọ́n jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sílé lọ́jọ́ Àìkú, nítorí àwọn tó gbé e wá kò lè dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, àṣẹ dé. Ọ̀gá Pátápátá fún Olórí Yàrá ní fìlà ọ̀gágun lórí tábìlì ọ́fíìsì. Akọ̀wé nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni àwọn òbí Ìrẹ̀ wá gbé òkú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ìyá rẹ̀ kò bí ẹlòmíràn.